Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ sójà ò lè sùn, àwọn ayálégbé sì fẹ́ lé wa jáde: kí ni àdúgbò lè ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọdún 21 ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ṣe iṣẹ́ sójà, Bọ̀rnó ló sì ti lo mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ó fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan n'Íbàdàn. Lóru, á máa ké. Lọ́jọ́ mìíràn, á dìde, á ti gbogbo ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọdé yin nọ́káòtù lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀kan nínú wọn lulẹ̀, ó sì fi ara bò ó mọ́lẹ̀. Kò lu ọmọ náà o, ó fẹ́ dáàbò bò ó ni. Àmọ́ ìyá ọmọ náà pariwo, àwọn ayálégbé sì ti kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù pé ká kó jáde. Ìyá wa ní orí òkè ni ká gbé e lọ, ká má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Kí ni mo lè bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n ṣe? Àbí kí n kúkú kó ẹrù?

* * *

Àbúrò mi, ẹ má tíì kó ẹrù.

Ìyàwó sójà ni mí. Ọdún 1995 ni ọkọ mi wọ iṣẹ́ ológun. Ó wà ní Freetown, ní Sierra Leone, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú náà ní oṣù kìíní 1999, ó sì wà ní Bọ̀rnó láti 2014 di 2016. Ó fẹ̀yìntì ní 2018. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe fún ọmọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Mo ti ka ohun tí mo fẹ́ kọ síbí fún ọkọ mi, ó ní kí n kọ ọ́.

PTSD ni àwọn dókítà ń pè é, ìyẹn àìsàn ọkàn tó máa ń tẹ̀lé ohun ẹ̀rù téèyàn là kọjá. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ orúkọ yẹn sínú ìwé àìsàn wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ti wà tipẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, shell shock ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹni tó ní in á máa lá ohun tó rí, á tún máa rí i lójú ìmọ́lẹ̀. Á máa sá fún ibi tó lè rán an létí. Etí rẹ̀ ò ní sinmi, ẹsẹ̀ tó bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá á já a láyà. Inú á tètè máa bí i, tàbí kó má tilẹ̀ ní inú tó ń dùn tàbí tó ń bí mọ́. Tí irú ìyẹn bá ti lé lóṣù kan tí kò lọ, ọ̀rọ̀ dókítà ló dà.

Ẹ ò tíì sọ bóyá ẹ ti bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é lóru, ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tí ìjà bá wáyé. Ẹ jẹ́ kó jẹun tán lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, èwo nínú ariwo ilé yìí ló ń dà yín láàmú jù?” Ẹ má béèrè ohun tó rí lójú ogun. Ariwo ilé ni kẹ́ ẹ béèrè. Ọkọ mi dárúkọ nǹkan mẹ́ta fún mi lọ́jọ́ náà: nọ́káòtù, ẹni tó bá yọ sí i láti ẹ̀yìn, àti ẹran tó bá ń jóná lórí iná. Odidi ọdún kan ni mo ti ń sun ẹran nínú ilé náà tí n kò mọ̀.

* * *

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fèsì, mo sì ti kà á tán. Apá kan ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa ló ń ké pè é. Apá kan ní igbó ló ń mu. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá kí wọ́n fi tipátipá gbé e lọ sí Aro, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó fi ara rẹ̀ bo ọmọ ọlọ́mọ kí ìbọn má bàa bà á, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lọ̀ ọ́. Òfin 1958 tó ń pe àwọn aláìsàn ọpọlọ ní wèrè, wọ́n ti fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí tuntun náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwa ará àdúgbò ni kò tíì yí padà.

Ní ti àdúrà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ Kérúbù ni mí, aṣọ funfun mi wà nínú ilé. Ní 2017, èmi àti ọkọ mi lọ orí òkè kan fún ọjọ́ méje. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n ń fi ìlù àti agogo ṣe ìṣọ́ òru, kò sùn fún òru mẹ́ta gbáko. Wọ́n ní kó gbààwẹ̀, kó sì jáwọ́ nínú hóró oògùn tí dókítà fún un, pé àìgbàgbọ́ ni. Lóru kẹrin, ó fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, a ò rí i títí di ọ̀sán. Ọmọ kan tó ń ta búrẹ́dì ló rí i nínú gọ́tà tó ti gbẹ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ̀nà.

Torí náà, ohun tí mo máa sọ fún ìyá yín nìyí, àbúrò mi: ẹ gbàdúrà fún un ní ọ̀sán. Kí wòlíì wá sílé bó bá fẹ́. Àmọ́ ìṣọ́ òru kọ́, ààwẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ kọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gba hóró oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Wòlíì tó bá gba ìyẹn, ẹ máa bá a lọ. Èyí tí kò bá gbà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín.

Ẹni tó ń fi Aro halẹ̀ mọ́ èèyàn kò mọ ìtàn Aro. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní 1954. Kò kó gbogbo aláìsàn tì mọ́nú ọgbà. Ó bá àwọn àgbẹ̀ inú abúlé tó yí ọsibítù ká sọ̀rọ̀, àwọn aláìsàn sì ń gbé nínú ilé wọn bí ayálégbé. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ara ilé rẹ̀ kan dání, ìyá tàbí àbúrò, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Lówùúrọ̀, á lọ gba ìtọ́jú. Bó bá ṣe tán, á padà sí abúlé, á bá wọn ṣe iṣẹ́ oko, á bá wọn jókòó lábẹ́ igi. Lámbò tún pe àwọn adáhunṣe mọ́ra, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Káàkiri ayé ni àwọn dókítà ti wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tiwa nìyẹn o. Inú ìdílé àti àdúgbò ni ó ti fi ìtọ́jú sí, ọsibítù sì wà nítòsí. Àwa la sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú.

* * *

Ẹni tó béèrè pé, “Kí ló kan àdúgbò nínú ọ̀rọ̀ sójà? Ṣé àwa la rán an lọ?” Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan fún yín.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Nínú agboolé tó tẹ̀lé tiwa, bàbá kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Bọ́mà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó wọn lọ jà ní Búúmà nígbà ogun Hitler. Àwọn ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Dìfísọ̀nù 81 àti 82, bá àwọn ará Japaní jà nínú igbó níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló sì wà nínú wọn. Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ìyá mi bá fẹ́ gúnyán, wọ́n á kọ́kọ́ yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n á ní, “Bàbá o, a fẹ́ gúnyán o!” Bàbá á dáhùn láti inú ilé pé, “Ẹ gún un re.” Ìgbà yẹn ni ọmọ odó á tó kan odó. Gbogbo obìnrin tó wà nítòsí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ni.

Lọ́dún kan, ìyàwó tuntun wọlé, kò sì sẹ́ni tó ti sọ fún un. Ó gbé odó sẹ́yìn ilé Bàbá Bọ́mà gan-an, kò tíì gún un ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo sáré lọ wò ó. Bàbá wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, ètè wọn ń gbọ̀n. Ìyá mi dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò sún mọ́ Bàbá, wọn ò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n ní oríkì orílẹ̀ wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, Bàbá jáde, wọ́n bèèrè omi.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn obìnrin yẹn tó gbọ́ PTSD rí. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tó ní kí ló kàn yín, ohun tó kàn yín kò ju kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kan odó.

Lójúlé tiwa n'Íbàdàn báyìí, bí ayálégbé bá fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, ọmọ wọn á kọ́kọ́ ké pé, “Bàbá, a fẹ́ tan jẹ́n o!” Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Àwọn méjì kọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ṣì ń kọ̀ títí dòní. Mẹ́sàn-án ló ń ṣe é.

* * *

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan níbí sọ pé kí wọ́n wá iṣẹ́ ọdẹ òru fún un, pé sójà ni, kò kúkú ń sùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà pẹ̀lú yín rárá, nítorí a ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan gba ọkọ mi ní 2019 pé kó máa ṣọ́ ọgbà wọn láti aago 6 ìrọ̀lẹ́ di aago 6 òwúrọ̀. Gbogbo ènìyàn bá wa yọ̀. Láàárín oṣù méjì, ó ti padà sí bó ṣe wà nígbà tó kọ́kọ́ dé láti Bọ̀rnó, ó tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wò ó: ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn láti máa retí ọ̀tá nínú òkùnkùn, ẹ wá ń sanwó fún un kó máa retí ọ̀tá nínú òkùnkùn. Ìgbà wo ni ara yẹn fẹ́ mọ̀ pé ogun ti parí? Dókítà ló bẹ̀ ẹ́ kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó ṣòro. Pẹ́ńṣàn kì í tó, àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì sì ti dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná l'Ábùjá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí owó wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀sán ni kẹ́ ẹ wá. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun tó wà l'Óṣòdì máa ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìntì; ẹ bi í bóyá ó kọ́ ọ̀kan níbẹ̀. Ọkọ mi kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, àmọ́ iná àti ariwo irin kò jẹ́ kó lè ṣe é. Nǹkan tó mú un dúró lẹ́sẹ̀ kékeré ni. Àdúgbò wa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Alága wá bá a. Láti ìgbà náà, aago 6 òwúrọ̀ ni ó ń ṣí omi, ó ń kọ orúkọ ẹni tó bá sanwó sínú ìwé, ó sì ń tì í láago 9. Owó tó ń rí níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ogójì ilé ló ń retí rẹ̀ láràárọ̀. Bí kò bá jáde, wọ́n á wá kanlẹ̀kùn pé, “Bàbá olómi, ṣé kò sí o?” Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ wá fún ẹ̀gbọ́n yín, iṣẹ́ tí wọ́n á fi máa wá a bí wọn ò bá rí i.

* * *

Obìnrin kan kọ̀wé pé ọkọ òun ń lu òun láti ìgbà tó ti ogun dé, pé pásítọ̀ àti àwọn àna ní kóun fara dà á torí àìsàn ni.

Ìyá, ẹ gbọ́ tèmi dáadáa. Ẹ kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ dání. Àìsàn ni, ẹ kó wọn kúrò síbẹ̀síbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú oorun yàtọ̀ sí ohun tí èèyàn ń ṣe lójú ayé, lójoojúmọ́, tó sì mọ ẹni tó ń lù. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo fọwọ́ kan ọkọ mi lójú oorun, ó gbá mi lójú. Nígbà tó jí tó rí ojú mi tó wú, ó sunkún jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣì kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ní n kò ní padà àfi bó bá bá mi lọ rí dókítà. Ó bá mi lọ. Bó bá kọ̀ ni, mi ò bá wà níbẹ̀ títí dòní.

Láti ìgbà náà, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́ bí ó bá ń ké lóru. Màá dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, màá tan iná, màá pè é ní Àjàní. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ mi. Wọ́n ní, “Lẹ́nu iṣẹ́ ọba, nọ́ńbà àti orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Kò sẹ́ni tó mọ Àjàní lójú ogun. Orúkọ ilé ni kí o fi pè é.” Màá ní, “Àjàní, Ìbàdàn lo wà. Èmi nìyí. Òjò ló ń rọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ ti sùn.” Nígbà mìíràn ó ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa wá mi kiri, lẹ́yìn náà á rí mi.

* * *

Ẹ̀yin tó ní kí wọ́n kó àwọn sójà jọ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ ò sọ tán. Ẹni tó dáhùn pé ọtí ni wọ́n á máa mu níbẹ̀, òun náà ò purọ́.

Ọkọ mi àti mẹ́rin nínú àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé lábẹ́ igi máńgòrò kan. Lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, páráágà ni wọ́n fi ń ṣí ìpàdé, wọ́n á gbé ọ̀kan nínú wọn délé. Èmi àti àwọn ìyàwó yòókù la lọ bá wọn. A ò bá wọn jà. A ní a ó máa se ẹ̀wà àti dòdò wá, láìgba kọ́bọ̀, tí ọtí ò bá sí níbẹ̀. Wọ́n gbà á. Ọ̀kan kò lè gbà á, kò wá mọ́, ó ń dùn wá gan-an. A ṣì máa ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ fún un. Ayò ni wọ́n ń ta. Wọ́n lè ta á fún wákàtí méjì kí wọ́n má mẹ́nu kan ogun. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀kan ti sọ lọ́jọ́ kan, tó ń pín ọmọ ayò lọ́wọ́, pé òun ti ń rò ó pé kóun kúkú kú. Wọn ò pariwo. Ẹni méjì sùn ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì mú un dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó wà láàyè, ó ń ta ayò. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kó má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kó má dúró dọ̀la.

Ọ̀rọ̀ kan tó yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: ọjọ́ 15 oṣù kìíní tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, wọ́n máa ń tú àwọn ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n sì máa ń yin ìbọn. Ẹyẹlé yẹn, inú wa máa ń dùn sí i. Ìbọn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ronú lé. Ọkọ mi kì í lè lọ síbi tí wọ́n ti ń bọlá fún un. A máa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó á pa ohùn rẹ̀.

* * *

Ìyá tó kọ̀wé láti Houston, tí ọmọ yín jẹ́ sójà Amẹ́ríkà tó lọ Afghanistan, tí kò sì fẹ́ lọ ọsibítù kí wọ́n má bàa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ẹ sọ fún un nípa Vet Center, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gba àwọn tó jẹ́ sójà rí nímọ̀ràn. Láti 1979 ni wọ́n ti wà. Wọn kì í ṣe ọsibítù, àárín ìlú ni ọ́fíìsì wọn máa ń wà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́ sójà rí, wọn ò sì gbowó. Ìdílé náà lè lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá le lóru, kó tẹ 988 lórí fóònù, kó wá tẹ 1. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, irú ètò bẹ́ẹ̀ tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbẹ̀, ní fún àwọn sójà ni Op Courage.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dandan mú un lọ òde ìnáwó. Bàlúùnù tó bẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè ba ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ fún un. Bó bá fẹ́ lọ, ẹ fún un ní àga tó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, tó sì rí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má sì máa bi í léèrè ìdí tó fi jókòó síbẹ̀.

* * *

Àbúrò mi tó béèrè ọ̀rọ̀, mo rí i pé ẹ ti padà wá. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín dáhùn, pé nọ́káòtù àti ìlẹ̀kùn onírin ẹnu géètì ni. Ẹ ní ọjọ́ Àìkú ni lánlọ́ọ̀dù fẹ́ ṣèpàdé. Ẹ wá ní kí n kọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.

Kẹ́ ẹ tó dé ìpàdé, ẹ lọ bá ìyá ọmọ yẹn. Àwọn kan níbí ní kí ẹ má lọ, pé ẹ ó máa jẹ́wọ́ ẹ̀bi. Mi ò gbà. Ọmọ rẹ̀ ni ọkùnrin tó tóbi wó mọ́lẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì tọ́ kí ẹ̀rù bà á. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá lè bá yín lọ, ó dára jù. Kó sọ fún un fúnra rẹ̀ ohun tó rò pé òun gbọ́. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn mọ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú pé ẹni náà rò pé bọ́ǹbù ni, ọmọ tirẹ̀ ló sì fi ara rẹ̀ bò.

Ní ìpàdé, ẹ má sọ ìtàn ogun fún wọn, ẹ má sì bẹ̀bẹ̀ fún ohun púpọ̀. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta tí wọ́n lè ṣe lọ́jọ́ náà: kí wọ́n fi rọ́bà bọ ẹ̀gbẹ́ géètì kó má máa dún gbàmù, kí wọ́n pè é lórúkọ kí wọ́n tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn ọmọ má yin nọ́káòtù láìsọ. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù yín kí wọ́n lè pè yín lóru dípò kí wọ́n kọ̀wé.

Ẹ ní Kérésì ń bọ̀ wá, kí lẹ máa ṣe. Ní àdúgbò wa, ọdún àkọ́kọ́ tí mo mú ọ̀rọ̀ nọ́káòtù wá sí ìpàdé, àwọn ọ̀dọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, oṣù kejìlá náà sì burú gan-an. Lọ́dún kejì, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló lọ bá olórí wọn. Ó ní, “Ẹ máa yìn ín, àmọ́ ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó yìn ín.” Wọ́n gbà láti máa yìn ín ní pápá ilé ìwé, láti aago 7 sí 8. Wọ́n fi òun ṣe ẹni tó ń wo aago. Àwọn kan ṣì ń yin tiwọn ní ìkọ̀kọ̀. Mo máa ń tan rédíò sókè, mo sì máa ń jókòó tì í.

Ní ti ọsibítù, inú mi dùn pé ẹ̀gbọ́n yín ti gbà láti lọ. N'Íbàdàn, wọ́n ń rí àwọn dókítà ọpọlọ ní UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì. Ẹ sọ fún un pé ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ó lè jẹ́ hóró oògùn bíi sertraline. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Hóró yẹn máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn án lọ́wọ́, kó má sì dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Níbi kan tí a kọ́kọ́ lọ, tí n kò ní dárúkọ, òṣìṣẹ́ kan pariwo láàárín èrò pé, “Ta ni alárùn ọpọlọ yẹn?” Ọkọ mi yí padà, kò fẹ́ padà wá mọ́ fún oṣù márùn-ún. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ dá lọ.

Èmi á bá yín lọ. Ọkọ mi ní òun náà á wá, pé kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín kò ní máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ pàdé wa ní Òjòó ní aago 6 ààbọ̀ òwúrọ̀, níbi tí àwọn takisí Micra tó ń lọ ọ̀nà UCH ti ń gbé èrò. Alága àdúgbò wa ti gbà láti bá ọkọ mi ṣí omi lọ́jọ́ náà. Ẹ mú ìwé ìfẹ̀yìntì ẹ̀gbọ́n yín dání, àti gbogbo oògùn tó ti lò rí. Láti alẹ́ òní, ẹ máa kọ aago tó bá sùn àti èyí tó bá jí sínú ìwé kan. Wọ́n á béèrè. Ẹ mú oúnjẹ àti omi, torí ẹ máa pẹ́ níbẹ̀. Inú Micra, ẹ jẹ́ kó jókòó níwájú.